Ọjọ́ Tí Mo Kí Alàájì Níbi Ìkómọ

Ojú mi báyìí ló ṣe. Kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi, kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Bí ẹnikẹ́ni ní Houston bá sọ fún yín pé òun mọ ọ̀rọ̀ Alàájì jù mí lọ, ẹ bi í pé ta ló ń wa ọkọ̀ nígbà náà. Èmi ni. Mo wà nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ tí Alàájì kọ́kọ́ wọlé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ̀ tí wọn ò ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ mi yìí náà ni wọ́n dì mú nígbà tí wọn ò rí àtẹ̀gùn mọ́. Àwọn tó kàwé ti kọ tiwọn nípa àrùn yìí, wọ́n fi ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò sí nínú ọkọ̀.

Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Mi ò fi pamọ́, kò sì tì mí lójú. Ìyàwó mi, tó parí ìwé mẹ́wàá, ló ń bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tèmi ni. Nígbà yẹn tí kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà nínú mọ́tò gbogbo èèyàn, orí mi yìí ni ẹ̀rọ. Bí ọ̀nà márosẹ̀ 59 bá dí, mo mọ ibi tí mo máa gbà yọ. Bí òjò bá rọ̀ tí omi bo abẹ́ afárá 610, mo ti mọ̀ kí rédíò tó sọ ọ́. Láti Third Ward dé Acres Homes, láti Acres Homes dé Bissonnet, mi ò wo ìwé. Àwọn tó ní dìgírì máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á tẹ́ máàpù sórí itan, wọ́n á máa wá ibi tí a ti kọjá.

Dókítà obìnrin kan ló gbà mí síṣẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, kò tíì pé ogójì ọdún, bàtà kan náà ló máa ń wọ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ìwádìí ló ń ṣe. Àárín àwọn ọdún 1990 la wà yẹn, oògùn tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún àrùn éèdì, àwọn tó ti ń múra ikú sílẹ̀ ti ń dìde rìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó lówó tó sì ní mọ́tò ló ń rí i gbà. Ládùúgbò àwọn tálákà, wọ́n ṣì ń kú bí wọ́n ṣe ń kú tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan tiẹ̀ ń sọ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi oògùn ọ̀wọ́n fún irú àwọn yẹn ṣe, wọn ò ní rántí lò ó. Dókítà ní irọ́ ni. Ó ní bí a bá gbé ilé ìwòsàn sún mọ́ wọn, tí a fi ọkọ̀ gbé wọn, tí a sì bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n á lò ó ju olówó lọ. Ohun tó fẹ́ fi han ayé nìyẹn. Ó gba ilé ìfọṣọ àtijọ́ kan ní Third Ward, páìpù ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣì wà lára ògiri, ó sọ ọ́ di ilé ìwòsàn, ó wá bọ́ọ̀sì funfun kan, ó sì fi èmi sídìí ẹ̀.

Ẹ má rò pé ìwé dókítà nìkan ló gbé iṣẹ́ yẹn ró. Bí kò bá sí ọkọ̀, kò sí aláìsàn. Bí kò bá sí aláìsàn, kí ló fẹ́ wádìí? Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀ lójú ara ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, sà."

Òfin méjì ló fún mi. Èkíní, kò gbọdọ̀ sí àkọlé kankan lára ọkọ̀. Èkejì ni kò bá mi lára mu: bí mo bá pàdé aláìsàn wa níta, ní ṣọ́ọ̀bù ni o, ní mọ́ṣáláṣí ni o, mi ò gbọdọ̀ kí i, àfi bó bá kọ́kọ́ kí mi.

"Bó bá jù mí lọ lọ́jọ́ orí ńkọ́?" mo bi í.

"Bó bá jẹ́ bàbá yín gan-an, sà."

Mo ní ó dáa. Mo kàn rò ó nínú ara mi pé ẹni tó ṣe òfin yìí kò ní àgbà nílé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí àwa Mùsùlùmí ń pè ní Alámísì, mo máa ń kó wọn wá, ọ̀sẹ̀ méjì méjì sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wá. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á fún wọn ní oògùn ọ̀sẹ̀ méjì nínú àpò bébà, kò ní lé ọjọ́ kan. Èmi á gbé ẹ̀jẹ̀ sínú kúlà, mo ti dé ibi àyẹ̀wò kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tí kò bá yọjú lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, àyè rẹ̀ lọ nìyẹn, ẹlòmíì wà tó ń retí ẹ̀. Kì í ṣe dókítà ló ṣe òfin yẹn, àwọn tó ń kó oògùn wá ni. Dókítà sì máa ń kìlọ̀ fún gbogbo wọn, ó kìlọ̀ fún èmi náà, pé àrùn yìí gbọ́n. Béèyàn bá lo oògùn lónìí tó pa á tì lọ́la, àrùn á dá oògùn náà mọ̀ bí olè ṣe ń dá ajá ilé mọ̀, kò ní bẹ̀rù ẹ̀ mọ́.

Mi ò dárúkọ aláìsàn kankan fún ẹnikẹ́ni rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé mo panu mọ́ nípa iṣẹ́ mi. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá Mùsùlùmí ní Houston, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi lọwọ́ ọ̀tún dókítà, pé Alámísì lọjọ́ mi, pé ẹ̀mí èèyàn ló ń jókòó lẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Wọ́n sọ mí ní Ọ̀gá Alámísì, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Alàájì tí mò ń wí yìí ni bàbá wa nínú ẹgbẹ́ náà. Takisí ni wọ́n ń wà ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ìyàwó wọn ti kú sílé, àwọn nìkan ló ń gbé inú apartment kan nítòsí Bissonnet. Ọmọ Yorùbá Mùsùlùmí tí wọ́n bá bí ládùúgbò wa nígbà yẹn, Alàájì ló máa pe ìrun sí i létí lọ́jọ́ ìkómọ. Wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, wọ́n á gbé etí ọ̀tún ẹ̀ sún mọ́ ẹnu, wọ́n á pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ àṣírí. Ọmọ tó ń ké á dákẹ́. Àwọn ìyá máa ń sọ pé oyin wà nínú ohùn Alàájì. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Alámísì kan, dókítà ní kí n lọ gbé aláìsàn tuntun lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́, ọkùnrin tó dé fìlà dúdú. Mo débẹ̀, mo rí fìlà, mo wá rí ojú tó wà lábẹ́ ẹ̀. Mo tẹ bíréèkì. Alàájì ti rù, kọ́là ẹ̀wù ti fẹ̀ ju ọrùn wọn lọ. Wọ́n rí mi, wọ́n sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ yí padà.

"Ẹ wọlé, Alàájì," ni mo wí.

Wọ́n jókòó sórí àga tó wà lẹ́yìn mi gan-an. A gun orí márosẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní, "Àbúrò, kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ."

"Alàájì, ẹnu mi ti kú."

"Má jẹ́ kó kú. Ṣáà jẹ́ kó sùn."

Oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́rin. Ẹran padà sí ọrùn Alàájì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹ̀yìn. "Awakọ̀, ibo lo ti kọ́ mọ́tò, inú oko kòkó?" Èmi náà á ní, "Alàájì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọnù ní League City lọ́jọ́sí tí èrò yín fi pàdánù báàlù, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń sọ̀rọ̀?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi wúkọ́. Ọ̀kan nínú oògùn wọn gbọdọ̀ wà nínú firíìjì. Wọ́n sọ fún mi pé inú ike áásìkiriìmù làwọn kó o sí, àwọn wá kọ "ata" sára ẹ̀ nítorí àlejò. Wọ́n tún sọ fún mi ohun tí dókítà sọ fún wọn: pé agbára tí ẹ̀jẹ̀ àwọn fi ń bá àìsàn jà ti lọ sílẹ̀ débi tí kò yẹ kéèyàn ṣì máa rìn, pé ó ti ń gòkè, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí ọkàn èèyàn lè balẹ̀. Àwọn ò gbọdọ̀ fò ó lọ́jọ́ kan.

Mo ń yangàn nínú ara mi. Mo ní ọkọ̀ mi ló gbé bàbá yìí padà láti ẹnu ibojì.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ìkómọ náà, nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà láàárín ọgbà apartment àwọn tọkọtaya tó bímọ. Alàájì ti jókòó níwájú, ìyá ọmọ ti gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ń retí kí èèyàn pé. Bí mo ṣe wọlé, mo rántí òfin dókítà. Mo gbé ojú mi sára ògiri, mo kọjá níwájú Alàájì bí ẹni tí kò rí wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó dà bí ìgbà tí mo bọ́ ṣòkòtò ní gbangba. Òógùn bò mí nínú afẹ́fẹ́ tútù. Alàájì náà wolẹ̀. Ó yẹ kó parí síbẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ni kò jẹ́ kó parí, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ẹ wò ó! Ọ̀gá Alámísì kọjá lára àgbà bí ẹni kọjá lára òpó iná! Ṣé Amẹ́ríkà ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ yín ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ẹni tó ń bá dókítà rìn, ṣé irú wa ló máa kí?"

Ẹ̀rín yẹn gún mi. Èmi, tí bàbá mi fi pàṣán kọ́ ní ìkíni kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Mo yí padà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú gbogbo wọn. Ká ní mo dìde, tí mo sì panu mọ́, bóyá ì bá ṣì dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, àtẹ́wọ́ yẹn sì kó sí mi lórí.

"Ta ló ní mi ò kí Alàájì?" ni mo wí. "Kí lẹ mọ̀ nípa èmi àti Alàájì? Ẹ bi wọ́n léèrè, ta ló di wọ́n lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀ l'Alámísì tó kọjá? Àga ta ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí lẹ́yìn mi? Alàájì, ṣé mo purọ́ ni?"

Mo gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn. Akọ̀wé ya ẹnu, ó sì pa á dé. Mo ń wò ó bó ṣe ń yé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àga kan dé ìkejì: Alámísì, bọ́ọ̀sì, Alàájì. Ìyá ọmọ dìde. Kò yára, kò sì pariwo. Ó ní, "Alàájì, ẹ jẹ́ kí n fún un lọ́mú díẹ̀." Ọmọ náà ń sùn, ebi kankan kò pa á. Alàájì jẹ́ kó gbà á. Ọwọ́ wọn ṣì ká sókè fúngbà díẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹlòmíì ló pe ìrun lọ́jọ́ náà.

L'Alámísì tó kan Alàájì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ títí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Fìlà dúdú kankan ò yọ. Mo wa ọkọ̀ lọ pẹ̀lú àga tó ṣófo lẹ́yìn mi, mo sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń mí. Dókítà bi mí bóyá mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní mo gbọ́ pé wọ́n rìnrìn àjò.

Dókítà lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lábẹ́ páìpù, nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ. Ó fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà kan síwájú nọ́ńbà kan. Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ ìlà kan yàtọ̀ sí ìlà mẹ́ta.

Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń gba iwájú apartment Alàájì kọjá láìnídìí. Takisí wọn wà níbẹ̀ ní ojúmọmọ, eruku ti bo gíláàsì ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, àga tún ṣófo, dókítà tún bi mí, mo tún ní ìrìn àjò. Ó wò mí pẹ́, ó fa ìlà kejì. Lẹ́yìn tí mo gbé ẹ̀jẹ̀ dé ibi àyẹ̀wò, mo yí ọkọ̀ padà, mo lọ kan ilẹ̀kùn.

Mo gbọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú ilé. Wọ́n pa á. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Alàájì. Awakọ̀ yín."

"Mi ò ní awakọ̀. Èmi náà awakọ̀ ni."

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn kí n dọ̀bálẹ̀."

"O ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tó."

Mo fi orí ti ilẹ̀kùn náà. Oòrùn ti mú un gbóná. "Oògùn ńkọ́?"

"Mo ti dà á nù lọ́jọ́ ìkómọ yẹn. Ata ni mo kó sínú ike náà báyìí, ata tòótọ́." Wọ́n tún ní, "Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ti kó jáde láti ọjọ́ náà. Ó dé etígbọ̀ọ́ mi. Dallas ni wọ́n ti lọ pe àáfà wá. Máa lọ, àbúrò. Ẹnu rẹ ti sùn tó."

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Mo kọ ọ́ síbí nítorí mo ní òótọ́ ni mo máa kọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún dókítà, àti irọ́ méjèèjì. Mo ti fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ, mo gbé e sórí tábìlì ẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ó máa gbà á. Kò wo kọ́kọ́rọ́.

"Mo sọ fún yín pé ẹ má kí wọn, sà."

"Ẹ sọ fún mi. Mi ò sì kọ́kọ́ kí wọn. Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́." Mo ṣàlàyé fún un ohun tó túmọ̀ sí láàárín wa kí ọmọdé kọjá lára àgbà láìkí i: pé ẹni tó bá rí i á bi ara ẹ̀ pé kí ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ká dákẹ́, àṣírí tú. Ká sọ̀rọ̀, àṣírí tú.

Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nu ún, ó pẹ́ lórí nínù ún. "Òfin mi ni kò dáa tó," ló wí. "Àwọn tó lè kọjá lára ara wọn ni mo ṣe é fún. Mi ò bi ẹ̀yin." Ó kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n ẹnu yín náà ò dáa, sà. Ó sì kù díẹ̀ kí àyè wọn lọ."

Ó fún mi ní àpò oògùn Alàájì kí n gbé e lọ, ó ní ẹ̀jẹ̀ gbígbà á dúró ná. Alàájì ò ṣílẹ̀kùn. Mo fi àpò kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, mo sọ̀rọ̀ sókè pé oògùn ló wà níbẹ̀ o, èyí tó ń fẹ́ firíìjì. Nígbà tí mo padà wá lọ́jọ́ kejì, àpò náà ṣì wà níbẹ̀, nínú ooru Houston tó lè din ẹyin. Mo ṣí i wò. Kóró oògùn náà ti yọ́ mọ́ra wọn bí àdídùn tọ́mọdé gbàgbé sínú àpò.

Ọmọ wa obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ọkọ ẹ̀, bímọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kàkà kí inú mi dùn, mò ń rìn káàkiri ilé. Ìyàwó mi ló fi ipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó káwọ́ gbera.

"Bàbá wọn, ẹnu yín ni mọ́tò tí kò ní bíréèkì. Ẹ gbé e gun bàbá oníbàbá, ẹ wá jókòó síbí, ẹ̀ ń bú ooru."

"Kí ni kí n ṣe? Mo ti bẹ̀ wọ́n títí."

"Wọn ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ọmọ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ la máa gbé padà fún wọn."

Ó yé mi. Ẹ gbọ́ o, èmi tí mò ń gbé wọn ní gbogbo Alámísì, tí mò ń gbá ọwọ́ wọn mú, tí mo sọ fún gbogbo Houston pé àrùn yìí kì í ranni níbi ìfọwọ́kàn, ìgbà tó di ọmọ ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ mi, ìyá ìkókó, pe dókítà lórí tẹlifóònù, ó bi í. Dókítà ní ọwọ́ kì í ran ẹnikẹ́ni, èémí kì í ran ẹnikẹ́ni, kí wọ́n gbé ọmọ lọ. Ọmọ mi gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ." Ó nígboyà jù mí lọ, ó sì dùn mí láti sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹjọ ọmọ bọ́ sí Wẹ́sídeè. Alámísì kẹta Alàájì sì ni ọjọ́ kejì. Bí ìyẹn bá kọjá, ó parí.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè náà, ìyàwó mi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Alàájì pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ìyá ọmọ dúró lẹ́yìn ẹ̀. Kò dárúkọ àìsàn. Ó ní, "Alàájì, ọmọ tuntun dé. Kò tíì gbọ́ ìrun létí. A ò ní gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì."

Ó pẹ́. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ohùn ọmọ yẹn ni ilẹ̀kùn gbọ́ tó fi ṣí.

Alàájì ti padà sí bí mo ṣe rí wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kódà ó burú jù ú lọ. Wọn ò wo èmi. Wọ́n na ọwọ́, ìyàwó mi gbé ọmọ lé e. Wọ́n gbé ọmọ sún mọ́ ẹnu, wọ́n sì dúró. Ìka wọn ń rìn lójú ọmọ, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́, sí àgbọ̀n, sí orí. Mo rò pé wọ́n ń ṣìkẹ́ ẹ̀ ni. Mo wá rí i pé etí ọmọ ni wọ́n ń wá.

"Alàájì," mo ní, "ṣé ẹ̀ ń ríran?"

Ìka wọn kan etí ọ̀tún. Wọ́n pe ìrun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn yẹn ò yí padà, ọmọ náà dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n parí ni wọ́n tó ní, "Nǹkan dúdú ń fò níwájú mi, bí eṣinṣin. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá. Lánàá ni aṣọ dúdú kan bo ti òsì."

Mi ò wa mọ́tò rí bí mo ṣe wà á lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó mi ń kígbe Ọlọ́run lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Alàájì jókòó lẹ́yìn, sórí àga wọn, wọ́n ní, "Rọra, ará oko." Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn.

Dókítà, tí ọmọ mi ti pè láti ilé Alàájì, ti dúró dè wá. Ó wo ojú wọn, ojú tiẹ̀ sì yí padà. Òun fúnra ẹ̀ ló bá wa lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Wọ́n ṣàlàyé pé àrùn mìíràn wà tó máa ń sá pamọ́ sára gbogbo èèyàn, tí kì í lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ èèyàn bá ti lọ sílẹ̀ pátápátá, á jáde wá jẹ ẹ̀yìn ojú. Bí wọ́n bá tètè dé, a lè dá a dúró. Ohun tó bá ti jẹ kì í padà.

Wọ́n dá a dúró. Ìlà kẹta kò wọ ara ògiri, nítorí dókítà gba ẹ̀jẹ̀ Alàájì kí Alámísì tó parí, èmi ni mo sì gbé e dé ibi àyẹ̀wò. Oògùn àkọ́kọ́ kò já mọ́ nǹkan lára wọn mọ́, àrùn ti dá a mọ̀. Dókítà lọ bá àwọn ọ̀gá tó ń kó oògùn wá, tí wọ́n ń gbé ní The Woodlands, ó bá wọn jà títí ó fi gba oríṣi mìíràn wá. Ìyẹn dì í mú. Alàájì wà láàyè títí di òní tí mò ń kọ ọ́.

Dókítà ò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Òfin ló yí padà. Láti ìgbà náà, kí aláìsàn tuntun tó wọ ọkọ̀, ó máa ń jókòó tì í, á bi í pé, "Bí awakọ̀ wa bá pàdé yín níta, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó kí yín?" Ó ní àwọn míì ti wá láti ọ̀nà jíjìn láti kọ́ ìbéèrè yẹn lọ́dọ̀ òun. Ọ̀dọ̀ mi ni òun fúnra ẹ̀ ti kọ́ ọ. Mi ò fi ìyẹn yangàn.

Alàájì kò rí mi mọ́ bí mo bá wọ gbọ̀ngàn. Bí mi ò bá kí wọn, wọn ò ní mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Nítorí náà mo máa ń lọ síwájú wọn, mo máa ń dọ̀bálẹ̀, mo máa ń ní, "Alàájì, èmi ni," mi ò sì ní fi nǹkan kan kún un. Wọ́n á ní, "Mo gbọ́ ọ."

Ohun tó sọnù nìyí, bí mo ṣe kà á. Ojú òsì Alàájì, gbogbo ẹ̀. Ojú ọ̀tún wọn, ó ku bí ihò kọ́kọ́rọ́. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń wa takisí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí oògùn, àti oríṣi oògùn kan tí kò ní ṣiṣẹ́ lára wọn mọ́ láéláé. Àpò kan tó yọ́ lára ilẹ̀kùn. Àti ọmọ mẹ́rin tí wọn ò gbọ́ ohùn Alàájì: àwọn mẹ́ta tí mo sọ, àti èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn nígbà tó ń sùn.